Orí Tí Wọ́n Fi Dán Basírà Wò

Ọjọ́ tí Màdáàmù Ṣadé wá sọ fún mi pé àwọn kò ní fún ọmọ iṣẹ́ mi ní fírídọ̀mù, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsì, mò ń rẹ́ ilá sínú abọ́. Kì í ṣe ilá ọbẹ̀. Màá ṣàlàyé rẹ̀ tó bá yá.

Màdáàmù Ṣadé ni ìyá ẹgbẹ́ àwa onídìrí àdúgbò náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń gbé báàgì rẹ̀ fún un.

"Mọ́mì Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè ni?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe," mo dá a lóhùn.

"Ó dáa. A ti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Kò ní lè ṣeé ṣe. Ọmọ tí kò mọ rìlásà í fi, tí kò mọ wíìgì í rán, kí la fẹ́ máa pè é? Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi fún ọdún méjì, màá bá yín tún un kọ́."

Basírà dúró lẹ́yìn mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ìfófòó ọṣẹ. Mo gbọ́ tí omi dúró lórí oníbàárà tó ń fọ irun fún.

Ẹni tí kì í bá ṣe ara wa lè má mọ ohun tí fírídọ̀mù jẹ́. Òun ni ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn pé ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láti Kétu títí dé Mile 12, nítorí àgádágodo ẹgbẹ́ ni yóò bá lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọdún mẹ́rin ni Basírà ti lò lọ́dọ̀ mi. Bàbá rẹ̀, tó ń tún ara mọ́tò tó bá ti rún ṣe ní Kétu, ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí wọn ní Ṣakí pé ọmọ òun fẹ́ gba òmìnira. Wọn yóò wá wò ó. Kí ni kí n wá sọ fún ọkùnrin náà?

Mo mọ ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí. Màdáàmù Ṣadé fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ irun, kò sì dárí jì mí pé mo kọ èyí tó kọ́ mi sílẹ̀. Èmi náà kò dárí jì í, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́místrì, òun ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan títí onílé-ìwé fi kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ilẹ̀ náà. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Kò sí ilé-ìwé mìíràn tó fẹ́ gba obìnrin tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ni mo bá lọ kọ́ṣẹ́ irun ní Ojota, lọ́dọ̀ Màdáàmù Ṣadé. Ẹ̀gbọ́n gidi ni mo jẹ́ fún un, àmọ́ òun ni ọ̀gá. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ ni àgbà, a kì í wo ọjọ́ orí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí mi ò gbà ni pé ó ń gbádùn rẹ̀. Tí àwọn oníbàárà bá kún ṣọ́ọ̀bù ni yóò gbóhùn sókè: "Ìwọ Tíṣà, lọ pọnmi wá. Ìwọ Tíṣà, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ ní yunifásítì?" Wọn á rẹ́rìn-ín. Ìwọ! Ọmọ tí mo lè ti kọ́ ní kíláàsì.

Rìlásà ni wọ́n fi ń jẹun ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìpara funfun kan ni, tó máa ń na irun tó ká gbọnrangandan. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Kérésìmesì ku díẹ̀, ó ní kí n jókòó kí òun fi oríṣi tuntun kan sí mi lórí, kí àwọn oníbàárà lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tó kùn ún tán tí obìnrin olówó kan fi gúnlẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi mí sílẹ̀, ó lọ pàdé rẹ̀.

"Màdáàmù, ó ń ta mí lórí o."

"Fara dà á. Ṣé ọmọ kékeré ni ẹ́?"

Nígbà tó fi máa rántí mi, irun bá omi lọ. Lókè etí mi òsì, kò sí ohun tó hù níbẹ̀ mọ́ títí di òní. Ohun tó wá ń sọ fún àwọn oníbàárà ni pé irun mi ló ṣe aláìlágbára. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa ní ọdún tuntun, wọ́n wo orí mi, wọ́n ní, "Ìyàwó wa tó gboyè wá di onídìrí, irun tirẹ̀ gan-an ò wá sí lórí." Wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì mọ ìwé kà.

Nígbà tí irun mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù, mo pinnu pé ìpara yẹn kò ní kàn án mọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo wá fi wo orí ara mi. Irun tó bá nà, òróró inú awọ orí máa ń rọra ṣàn dé ṣónṣó rẹ̀. Irun tiwa ká bí sípíríǹgì. Òróró kì í rí ọ̀nà rìn jìnnà lórí rẹ̀, ni irun bá ń gbẹ. Kí ni àwa obìnrin máa ń ṣe tí a bá rí i pé irun gbẹ? A ó bu òrí, a ó fi pa á ní gbígbẹ, a ó wá ki òòyà bọ̀ ọ́. Òrí kì í ṣe omi. Tí o bá fi òrí bo irun tó gbẹ, ńṣe lo ti gbígbẹ náà mọ́ inú rẹ̀. Ìyá mi ṣe é, ìyá tó bí i náà ṣe é, èmi náà sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n tó jókòó rò ó bí ẹni tó kàwé.

Mo wá ọ̀nà tí kò ní gba wàhálà. Mo pín irun sí mẹ́rin. Mo fi ọṣẹ fọ awọ orí nìkan, mo jẹ́ kí ìfófòó tó ń ṣàn lọ fọ ìyókù. Mi ò fi òòyà kàn án. Nígbà tí omi bá ṣì ń kán tótó lára rẹ̀, mo bu omi ilá sí i, ilá tí mo sè díẹ̀ tí mo sì fi aṣọ sẹ́. Yíyọ̀ rẹ̀ ni mò ń wá: ó máa ń jẹ́ kí irun tó lọ́ mọ́ra tú sílẹ̀ fún ìka ọwọ́ láìjá. Láti ṣónṣó ni mo ti ń tú u bọ̀ wá sí ìdí. Lẹ́yìn náà ni òróró àgbọn, díẹ̀ péré, láti ti omi náà mọ́ inú irun. Mo wá lọ́ ọ ní méjì-méjì, mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ, mo tú u, mo gbọn orí mi. Ó parí. Láràárọ̀, mo kàn ń fi ọwọ́ tútù fún un bí ẹni ń fún aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé, mo sì ti múra tán.

Kò ṣeé kọ́ lọ́jọ́ kan o. Oṣù tí mo kọ́kọ́ dán ilá wò, mo gbàgbé láti sẹ́ ẹ, mo sì lọ sí ilé ìjọsìn pẹ̀lú kóró ilá lórí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ń ṣà á kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìwàásù fi parí.

Nígbà tí mo gba òmìnira tèmi, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkòsì. Àwọn obìnrin inú ẹ̀sìtéètì ni wọ́n kọ́kọ́ wá, àwọn tó ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ sí iṣẹ́ ní Erékùṣù. Ọ̀kan nínú wọn, Mọ́mì Tómi, sọ fún mi pé òun máa ń jí ṣáájú àwọn ọmọ òun nítorí irun nìkan, tí òun á sì máa fi ẹkún yà á. Mo ṣe irun rẹ̀, mo sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kí n tó rí i. Nígbà tó tún wá, ó ní, "Mà, mo ti ń sùn báyìí o." Kò sí ìyìn tí ẹnikẹ́ni fún mi rí tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ohun tó sì dá ìjà sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Onídìrí wo ló ń kọ́ oníbàárà bí kò ṣe ní máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Màdáàmù Ṣadé dìde níbi ìpàdé, ó ní mò ń da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí gbogbo ẹgbẹ́. Kò rí mi mú nínú òfin ẹgbẹ́ kankan. Nígbà tó yá, ó mú Basírà.

Mo lọ sí ìpàdé tó tẹ̀lé e, ní gbọ̀ngàn kékeré tí a ń lò ní Kétu. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Ẹ dán ọmọ náà wò. Orí tó bá wù yín ni kí ẹ fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹ má dájọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí irun tí oníbàárà lè máa tọ́jú fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ wa."

Ẹ̀rín sọ. Màdáàmù Ṣadé kò rẹ́rìn-ín, ó ń ronú.

"Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án, Mọ́mì. Ẹ ò sì ní sọ̀rọ̀."

"Mo gbà."

"Ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ ò gbọdọ̀ tún fojú kan obìnrin náà títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Tó bá ti bàjẹ́, ọmọ á wá lo ọdún méjì lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin náà á sì yọ pátákó yín lẹ́nu títì."

"Mo gbà, Màdáàmù Ṣadé."

Basírà fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́." Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi.

Ní ọjọ́ ìdánwò, orí tí wọ́n wá fún un ni ti Ìyá Ráṣídà, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń gbá títì Ìkòròdú láti Kétu dé Ojota. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ó sì di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. Irun náà pọ̀, ó ká ṣùùrù mọ́ra, eruku mọ́tò sì ti bá a gbé tipẹ́. Mo rí i pé Màdáàmù Ṣadé fara balẹ̀ wá a ni.

"Ẹ jókòó, Ìyá Ráṣídà," ni Màdáàmù Ṣadé wí. "Ọmọ yìí fẹ́ sọ yín di òyìnbó."

"Kó má sọ mí di apárí ni tèmi," ni Ìyá Ráṣídà dáhùn, ó sì jókòó.

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo jókòó lé ọwọ́ ara mi kí n má baà nà án.

"Ìgbà wo lẹ máa ń fọ irun, mà?" ni Basírà bi í.

"Ìgbà tí òjò bá pa mí."

Gbọ̀ngàn tún rẹ́rìn-ín. Basírà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó pín irun náà. Ó fọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, omi tó ń jáde dúdú bí ti gọ́tà. Ó da omi ilá sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ṣónṣó, kò kánjú. Níbi tó ti ń tú u ló ti ń fa ọwọ́ Ìyá Ráṣídà wá sórí: "Ẹ fọwọ́ ara yín kàn án níbí, mà. Ẹ má fà á. Ẹ kàn fún un." Obìnrin náà ń fún un. Ó fi òróró díẹ̀ sí i, ó lọ́ ọ ní méjì-méjì; nígbà tó gbẹ tó sì tú u, irun yẹn dúró yí ojú rẹ̀ ká, ó dúdú, ó ń dán. Obìnrin kan lẹ́yìn wí pé, "Ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n."

Ìyá Ráṣídà dìde, ó ní òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé fìlà rẹ̀ kó dé e.

Fìlà òwú ni. Òwú gbígbẹ a máa fa omi àti òróró mu, a sì máa ha ṣónṣó irun títí yóò fi já. Mo ti kọ́ Basírà pé kó máa bi oníbàárà ohun tó ń wé sórí tó bá fẹ́ sùn, àmọ́ àwọn obìnrin inú ẹ̀sìtéètì ni oníbàárà wa, wọ́n ní síliìkì lóríṣiríṣi. A kò tíì ní oníbàárà tó ń dé fìlà láti ìdájí dé ọ̀sán nínú oòrùn rí. Èmi gan-an kò rò ó débẹ̀. Mo la ẹnu.

"Mọ́mì," ni Màdáàmù Ṣadé wí, "a ti sọ ọ́ pé ẹ ò ní sọ̀rọ̀."

Mo pa á dé.

Basírà ti gba fìlà náà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi àtàǹpàkò ra á.

"Èyí lẹ máa ń dé láti àárọ̀, mà?"

"Òun ni wọ́n fún wa."

"Ẹ dúró dè mí díẹ̀."

Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ. Nígbà tó jáde, ó di yẹ̀rì rẹ̀ mú lọ́wọ́, èyí tó bọ́ kúrò lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé e. Ó wá abẹ́rẹ́ kiri, èyí tó rí lórí tábìlì ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán wíìgì; ó ki òwú ìkórun bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán yẹ̀rì náà mọ́ inú fìlà. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín.

"Ṣé yẹ̀rì lẹ fi ń dìrí ní ṣọ́ọ̀bù yín ni?" ni Màdáàmù Ṣadé wí.

"Ó ń yọ̀, mà," ni Basírà dáhùn láìgbé orí sókè. "Irun ò ní há sí i."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní, "Ṣé ó mọ́ ṣá?"

"Àná ni mo fọ̀ ọ́, mà."

Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, ní kíláàsì àti ní ṣọ́ọ̀bù, ìwọ̀nba ọmọ ni mo rí tó mú ohun tí mo kọ́ ọ, tó sì gbé e kọjá ibi tí èmi gbé e dé. Mo wo ògiri, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gùn. Òjò rọ̀, oòrùn ràn. Tí mo bá ń sọdá lórí afárá Kétu tí mo sì rí aṣọ aláwọ̀ ọsàn nísàlẹ̀, ńṣe ni mò ń yíjú sí ibòmíràn, nítorí mo ti ṣèlérí, Màdáàmù Ṣadé sì ní ojú ní gbogbo igun títì. Basírà kò jẹun dáadáa. Bàbá rẹ̀ wá bi mí bóyá kí àwọn ará Ṣakí ṣì máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, láti ẹnu iṣẹ́ ni Ìyá Ráṣídà ti wá tààrà. Ó ṣí fìlà. Irun náà wà bẹ́ẹ̀, ó rọ̀, ìká kọ̀ọ̀kan dá dúró. Màdáàmù Ṣadé dìde, ó fọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n tún un ṣe. Basírà lọ bá yín nílé, àbí?"

"Ta ló wá bá mi nílé?" ni Ìyá Ráṣídà wí. "Ẹ̀yin lẹ wá mi kàn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ilé mi."

"Irun ò lè wà báyìí láìjẹ́ pé onídìrí tún un ṣe."

Ìyá Ráṣídà wò ó. Ó bèèrè omi. Wọ́n bu ú fún un nínú ife, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí lójú wa. Omi ṣàn dé àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, irun náà súnkì mọ́ ọn lórí pátápátá, ó rí bí orí ọmọ tuntun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Obìnrin náà da òróró tó wà lórí tábìlì sí àtẹ́lẹwọ́, ó ra á, ó ki ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Bó ṣe ń fún un ló ń ròyìn fún wa bí súpáfáísọ̀ wọn ṣe máa ń pariwo mọ́ àwọn bíi pé òun ló ni títì. Kò sí dígí níwájú rẹ̀. Ìtàn súpáfáísọ̀ kò tíì parí tí ìká náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ìpàkọ́.

"Ohun tí mò ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Tíì mi kì í tíì hó tí mo ti ń ṣe tán."

Màdáàmù Ṣadé yíjú sí àwọn yòókù. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe fúnra rẹ̀. Kí ló tún fẹ́ máa wá onídìrí fún?"

Mo dìde. Wọ́n ti dá ẹnu mi padà fún mi. "Màdáàmù Ṣadé, tí irun bá wà lórí rẹ̀, yóò wá gé ṣónṣó rẹ̀, yóò sì mú ọmọ rẹ̀ wá. Ẹni tí irun ti tán lórí rẹ̀ ni kò ní wá mọ́."

Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà mọ̀. Akọ̀wé, tó máa ń gbé báàgì fún un, ló ní, "Ẹ jẹ́ ká fún ọmọ ọlọ́mọ ní fírídọ̀mù rẹ̀." Àwọn tó kù sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Basírà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nítòsí Mile 12, ó ń kọ́ ọmọ mẹ́ta níṣẹ́, fìlà tí aṣọ tó ń yọ̀ wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ lórí àwọn agbálẹ̀ títì báyìí. Àmọ́ ọjọ́ fírídọ̀mù rẹ̀ ni mo máa ń rántí jù. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá ló ń fi òòyà àti sísọ́ọ̀sì lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ń gbàdúrà fún un. Ìyá ẹgbẹ́ ni yóò gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, òun ni yóò sì máa ṣáájú nínú àmín, kí gbogbo gbọ̀ngàn tó gbè é. Àwọn ará Ṣakí kún ibẹ̀ bámú. Mo fara balẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà kún. Màdáàmù Ṣadé ṣe àmín. Mo gbàdúrà pé kí irun má tán lórí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí àga rẹ̀. Ó ṣe àmín. Mo ní kí iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ borí gbogbo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ìbá fi kọ́ ọ. Ó wò mí, gbogbo ojú ń wò ó, ó sì ṣe àmín. Nígbà tí mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti ń há, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà tuntun láti orí àwọn ọmọ tí Basírà kò tíì bí, kó lè máa ṣe àmín lọ.